Òfin Ti Kọjá, Ìbéèrè Kò Kọjá: Ta Ni À Ń Tọ́ Dàgbà fún Iṣẹ́ Olúwa?

Ọ̀rọ̀ tí ó ru ìjọ Ọlọ́run sókè ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kínní ọdún 2017 kò pọ̀. Ní ọjọ́ náà ni Pásítọ̀ Enoch Adébóyè kéde fún àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Redeemed pé Pásítọ̀ Joseph Ọbáyẹmí ni yóò máa ṣe alábòójútó ìjọ náà ní Nàìjíríà, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ olórí nípa ti ẹ̀mí fún gbogbo ìjọ náà káàkiri ayé. Ìlànà ìṣàkóso tí àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Financial Reporting Council gbé jáde ní ọdún 2016 ni ó fa ìkéde yìí. Ìlànà náà fi 20 ọdún ṣe òpin fún àwọn tí ó wà ní ipò olórí nínú àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, ìjọ sì wà lára wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba àpapọ̀ dá ìlànà náà dúró, tí wọ́n sì yọ Jim Obazee, olórí àjọ náà, kúrò nípò.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa dúpẹ́, a ní Olúwa ti jà fún ìjọ Rẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Kò yẹ kí akọ̀wé ìjọba máa ka ọjọ́ orí fún ẹni tí Ọlọ́run pè. Ṣùgbọ́n nínú ariwo náà, a gbàgbé láti dáhùn ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ òfin náà. Bí olórí wa bá sùn nínú Olúwa lónìí, ta ni ó mọ iṣẹ́ náà?

Ìtàn ìjọ Redeemed fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ohun kan níhìn-ín. Bàbá Josiah Akíndayọ̀mí, ẹni tí ó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ní ọdún 1952, kò kàwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ ìjọ náà ní ọdún 1973 jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Kí ni bàbá fi ṣe? Ó fi ṣe ògbufọ̀. Bí bàbá bá ń wàásù ní Yorùbá, òun ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ti ṣe ògbufọ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oníwàásù ń lọ kí ó tó débẹ̀. Yóò mọ ìgbà tí ó bínú, ìgbà tí àánú ń ṣe é, àti ohun tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìsọ. Wọ́n fi jẹ pásítọ̀ ní ọdún 1975. Nígbà tí bàbá kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1980, òun ni ó bọ́ sí ipò náà ní ọdún 1981, kò sì tíì pé 39 ọdún. Àwọn àgbààgbà kan wà tí wọ́n ti pẹ́ jù ú lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ gbogbo wọn nínú. Síbẹ̀ ìjọ náà kò tú ká. Mo gbà pé Ọlọ́run ni ó yàn. Mo sì gbà pé Ọlọ́run lo ọdún méje ìfarakínra láti fi pèsè ẹni tí Ó yàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kò wọ́n wa mọ́. Ìpàdé àwọn adarí kò lóǹkà, àwọn ìwé lórí bí a ti ń ṣe olórí sì kún pẹpẹ ìwé. Ṣùgbọ́n igbákejì pásítọ̀ tí àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn, a ó gbé e lọ sí ibòmíràn kí oṣù tó parí. A máa ń fún un ní makirofóònù ní ọjọ́ Ìsinmi, àmọ́ kò rí ìwé ìṣirò owó ìjọ rí. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń parí ìjà tọkọtaya, kò sì mọ bí a ti ń bá ọmọ ìjọ tí ó ṣẹ̀ wí láìba ayé rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnu yóò yà wá pé ọmọdé kò mọ iṣẹ́! Àwọn baba wa ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi rọ́pò. Èyí tí a ń gé ọmọ ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún ńkọ́?

Àwọn kan yóò ní ìpè kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, àti pé olùdásílẹ̀ tí ó pẹ́ nípò ni ó ń mú ìjọ fìdí múlẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà ń mú bíṣọ́ọ̀bù fẹ̀yìn tì ní 70 ọdún, èyí nìkan kò sì sọ pé ẹni tí ó gba ọ̀pá náà ti gbáradì. Gbèdéke ọjọ́ orí kò lè ṣe iṣẹ́ ìtọ́ni. Ìyẹn ni àṣìṣe ìlànà 2016, lójú tèmi: ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn lọ, kò mọ bí a ti ń tọ́ ẹni tí yóò dé.

Òfin mìíràn tún dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, èyí tí a ń pè ní CAMA, tí ó fún ìjọba ní àyè láti dá àwọn alágbàtọ́ ìjọ dúró bí ìwà àìtọ́ tàbí àbòsí bá wáyé. A tún pariwo. Ìjọ tí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀ mọ bí a ti ń ka ìwé owó, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ fún ọdún mélòó kan, kì yóò ní ohun púpọ̀ láti bẹ̀rù nínú irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, Mósè kò dúró dìgbà tí ó gun orí òkè Nébò kí ó tó mú Jóṣúà wọ inú iṣẹ́. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ yín tí ń bọ̀, ẹ pe igbákejì yín wọlé, kí ẹ sì gbé ìwé owó ọdún tí ó kọjá sí iwájú rẹ̀.