Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ detailing, jọ̀ọ́ má tíì ra polish

1/
Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹni mẹ́ta ló wọ DM mi pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ detailing, polish wo ni kí n rà?" Dípò kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kó o sílẹ̀ síbí. Ìdáhùn mi ò gùn rárá: má tíì ra ìkankan. Wax ni kó o rà. Àlàyé rẹ̀ ló gùn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/
Ẹni tí iná ti jó rí ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí o. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí polish lójú ọkọ̀, mo ra compound ìgò ńlá kan, mo ra fóòmù tó ń lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Owó tán. Tówẹ̀lì gidi kan ṣoṣo, mi ò rà. Singlet àtijọ́ ni mo fi ń nu ọkọ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò títí ojú mi fi pọ́n, mo rò pé mo ti dọ̀gá.

3/
Oníbàárà mi kẹrin ni màmá kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Corolla dúdú, tòkunbọ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Wọ́n ní kí n bá àwọn fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa, torí òun ni wọ́n fẹ́ fi gbé ìyàwó tí ọmọ wọn ń fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

4/
Bí oòrùn ṣe tàn sára ọkọ̀ yẹn, mo rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí po bí òwú aláǹtakùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ wọ́n o. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi han màmá pé mo mọṣẹ́. Mo ta compound sí i, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi. Nígbà tí mo dé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí irin ti yí kọ́nà, mo rí i pé fóòmù mi ti di dúdú. Mo dáwọ́ dúró, mo nu ojú ibẹ̀. Kò dán mọ́. Àwọ̀ eérú ti ń yọjú lábẹ́ dúdú.

5/
Màmá ò pariwo. Wọ́n fìka kan ibẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, mo ní kó o bá mi fọ̀ ọ́ ni, mi ò ní kó o bá mi bó o láwọ." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Owó tí mo san fún péńtà ju gbogbo èrè tí mo rí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Títí di Sátidé, ọ̀dà ò tíì gbẹ tán. Mọ́tò ẹlòmíì ni wọ́n fi gbé ìyàwó.

6/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìpele mẹ́ta ni ọ̀dà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Primer ló wà nísàlẹ̀. Àwọ̀ tí à ń rí ló tẹ̀ lé e. Clear coat ló wà lókè pátápátá, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òun ló ń dán, òun náà ló ń bá àwọ̀ gba oòrùn àti òjò sára. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó nípọn tó nǹkan bíi 40 sí 50 micron. Bébà kan ṣoṣo tí a fi ń tẹ̀wé, nǹkan bíi 100 micron ni. Ìyẹn ni pé gbogbo ààbò tó wà lójú mọ́tò yẹn, bí ìdajì bébà kan ni. Létí àti ní kọ́nà, ó tún máa ń fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7/
Kí wá ni polish ń ṣe? Ó ń họ ọ́ ni. Nǹkan lẹ́búlẹ́bú tó le bíi iyanrìn ló wà nínú ẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń fi sandpaper fá pátákó náà ló ń fá clear coat. Ìlà yẹn kì í kúrò níbẹ̀. Ara ọ̀dà tó yí i ká ni polish ń fá wálẹ̀ títí tí ojú gbogbo ẹ̀ á fi dọ́gba. Compound ni ẹ̀gbọ́n polish, ọwọ́ tiẹ̀ tún le jù. Èyí tó bá sì ti lọ lára clear coat ti lọ nìyẹn, kì í padà hù bí irun.

8/
Wax ńkọ́? Wax kì í fá nǹkan kan kúrò. Ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, bí ẹni tó fi òrí para lásìkò ọyẹ́. Tó o bá ṣe àṣìṣe nídìí wax, kí ló lè ṣẹlẹ̀? Á fi àpá funfun sára rọ́bà dúdú, tàbí kó má nù kúrò bọ̀rọ̀ torí o fi pọ̀ jù. Wàhálà nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní àtúnṣe. Àṣìṣe wax, tówẹ̀lì lo máa fi nù ún. Àṣìṣe polish, péńtà lo máa pè. Ìdí tí mo fi ní kí wax ṣáájú nìyẹn.

9/
Wax pín sí ọ̀nà méjì gbòógì. Àkọ́kọ́ ni carnauba. Ara igi ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl ló ti ń wá, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí. Ewé ọ̀pẹ yìí ló ń ṣe ìda náà sí ara rẹ̀ kí oòrùn má bàa fa omi inú ẹ̀ gbẹ. Wọ́n á gé ewé, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lù ú kí ìda náà gbọ̀n dànù. Ohun tí igi fi ń gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ni àwa náà wá ń fi pa mọ́tò. Ó máa ń mú kí àwọ̀ jinlẹ̀, pàápàá dúdú àti pupa.

10/
Ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n kọ sára agolo o. Carnauba gidi le gan-an, ó ju 80°C lọ kó tó yọ́. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ pa á bẹ́ẹ̀ sójú mọ́tò, dandan ni kí wọ́n fi òróró àti àwọn nǹkan míì pò ó. Torí náà, bó o bá rí "100% carnauba" lára agolo tó rọ̀ bíi bọ́tà, kì í ṣe pé carnauba nìkan ló kún inú ẹ̀. Má torí ìyẹn san owó ìlọ́po mẹ́ta.

11/
Ìkejì ni èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, òun ni wọ́n ń pè ní sealant. Ó sábà máa ń pẹ́ ju carnauba lọ. Carnauba lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sealant lè lo oṣù mélòó kan. Pẹ̀lú òjò àti oòrùn tiwa yìí, sealant olómi ni èmi máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó rà. Ó rọrùn láti fi pa, ó rọrùn láti nù. Tó o bá fẹ́ràn carnauba, kò burú, ṣáà mọ̀ pé wàá máa tún un ṣe lemọ́lemọ́.

12/
Kó o tó sanwó, ka ara ìgò. Tó o bá rí "compound", "cut", "scratch remover" tàbí "swirl remover", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ń họ ọ̀dà, dá a padà. "Cleaner wax" àti "all-in-one" náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ohun tó ń fá ọ̀dà díẹ̀, wọn kì í ṣe wax lásán. "Wax", "sealant", "protectant", àwọn wọ̀nyí ló ń bo ojú ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ìgò ló máa pe ara ẹ̀ ní "polish and wax" lẹ́ẹ̀kan náà, ka ẹ̀yìn ẹ̀ kó o tó gbà á gbọ́.

13/
Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Oníbàárà fẹ́ kí ìlà yẹn kúrò ńkọ́?" Òótọ́ ni. Àmọ́ bi ara rẹ pé ibo ni ìlà yẹn ti wá. Ara bá a ṣe ń fọ ọkọ̀ lèyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti ń wá! Kànìnkànìn tó jábọ́ sílẹ̀ tí wọ́n kàn gbọ̀n tí wọ́n sì ń fi fọ ọ́ lọ. Omi garawa kan tó ti di ẹrẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó ń fi àkísà gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ ní àárọ̀. Iyanrìn lo fi ń ha ojú ọkọ̀ yẹn. Tó o bá polish ẹ̀ lónìí, tó o sì padà fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la, ìlà á padà wá, clear coat á sì ti dín kù. Ìgbà mélòó lo fẹ́ fá ìdajì bébà?

14/
Torí náà, owó tó o fẹ́ fi ra polish àti ẹ̀rọ, lo ó báyìí: bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí wàá fi ṣan ìfọwọ́ tó o fi ń fọ ọkọ̀. Ọṣẹ ọkọ̀ gidi, torí ọṣẹ ìfọṣọ tó le máa ń bó wax dànù. Tówẹ̀lì microfiber tó pọ̀ díẹ̀, má fi èyí tó o fi nu táyà nu ọ̀dà láéláé. Sealant ìgò kan. Ó tán. Ìgò kékeré kan á pa ọkọ̀ púpọ̀, torí díẹ̀ ló yẹ kó o máa lò.

15/
Bó o ṣe máa ṣe é: fọ ọkọ̀, nù ún gbẹ. Gbé e sábẹ́ ibòji. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin, tó bá ṣì gbóná, dúró. Fi ọ̀rá bọ ọwọ́, rọra fi pa ojú ọ̀dà. Tó bá ń ṣe kuruṣẹ-kuruṣẹ, ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn tí ọṣẹ ò lè yọ nìyẹn. Clay bar pẹ̀lú omi ọṣẹ ló máa ń yọ ọ́, ìyẹn náà ń fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, pa wax ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, apá kan lẹ́ẹ̀kan, dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n kọ sára ìgò, kó o wá nù ún. Fífi púpọ̀ pa á kì í mú un pẹ́, apá ẹ ló kàn máa ro ẹ́.

16/
Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀? Fọ ọkọ̀, kó o da omi sí i. Tí omi bá ń ṣù jọ róbótó-róbótó tó sì ń yọ̀ lọ, ó ṣì wà. Tó bá kàn tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀, ó ti fẹ́ lọ, tún un pa. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máńgòrò ńkọ́? Wax á fún ẹ ní àyè díẹ̀ ni, kò ní kó o fi sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Rẹ ẹ́ sómi, kó o rọra nù ún kíákíá.

17/
Àwọn kan á ní wax ti di ayé àtijọ́, pé ceramic coating ló kù. Mi ò bá coating jà, ó máa ń pẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀dà kó o tó fi pa á, ó ti há mọ́ abẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Tó bá sì gbẹ láì dọ́gba, polish lo máa fi yọ ọ́. Ṣó o rí i? A tún ti padà sídìí ohun tó o ò tíì mọ̀ ọ́n lò.

18/
Ẹ jọ̀ọ́, èyí kàn wá gan-an. Àwọn ọjà kan wà tó ń fi òróró dí ojú ìlà pa. Oníbàárà á rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìlà ti lọ, á sanwó, á dúpẹ́. Fífọ̀ bíi mélòó kan, gbogbo ẹ̀ á tún yọjú. Tó o bá fẹ́ lò ó, sọ fún wọn pé o bò ó ni, o ò yọ ọ́. Fi èékánná kan ìlà yẹn lójú wọn. Tó bá há èékánná, ó ti jìn jù fún polish pàápàá. "Mi ò lè yọ èyí, mà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Èmi ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

19/
Ṣé o ò wá ní ra polish láéláé ni? Wàá rà á. Kọ́kọ́ wá bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti jù nù lọ́dọ̀ panel beater, ibẹ̀ ni kó o ti kọ́ ọ. Ọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ lò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èyí tó rọ̀ jù lọ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, dán an wò ní ibi tí kò ju ìwọ̀n tówẹ̀lì ojú lọ, sá fún etí àti kọ́nà. Rántí pé tòkunbọ̀ lèyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò wa, o ò mọ ẹni tó ti fá a ṣáájú ẹ tàbí ibi tí wọ́n ti tún kùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

20/
Màmá yẹn ò gbé mọ́tò wọn fún mi fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n padà pè mí, wọ́n dúró tì mí lórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo fi wax pa á. Wọ́n béèrè pé kí ló wà nínú agolo yẹn, mo ní ìda ara ọ̀pẹ ni. Wọ́n ní, "Ó da. Èyí ò lágídí." Oṣooṣù ni mo ń fọ̀ ọ́ báyìí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó jù ú sísàlẹ̀, màá dáhùn. Tó o bá sì mọ ẹnìkan tó ń na owó compound lọ́wọ́ báyìí, jọ̀ọ́ tètè fi èyí ránṣẹ́ sí i.