Ẹ Kó Fáìlì Wọn Jáde Kí Ẹ Tó Fọ́máàtì

Ẹ̀yin ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà wa ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti agbègbè wọn, ẹ̀yin la máa ń sá tọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá dákú. Ẹ̀yin lẹ máa ń yọ RAM, tí ẹ ó fi írésà nu ẹnu rẹ̀, tí ẹ ó dá a padà, tí ojú kọ̀ǹpútà tó ti ṣú láti àárọ̀ yóò sì mọ́lẹ̀. N kò fojú kéré iṣẹ́ yín rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, torí mo ti sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ títí, kò wọ̀ létí.

Ẹ ti ń tètè fọ́máàtì jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìjerò yóò gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Windows kò wọlé. Ẹ ó tàn án, ẹ ó wò ó díẹ̀, ẹ ó ní, "Windows ẹ̀ ti bàjẹ́, a máa fọ́máàtì ẹ̀ ni." Iye owó ló kù. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Nígbà tó bá padà dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ti ń yá, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kò sí mọ́. Èsì ìwádìí tó gbé ìwé ìbéèrè kiri abúlé torí ẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ òru tẹ̀ sínú Excel, ti bá fọ́máàtì náà lọ. Ẹ ó wá sọ fún un pé, "O ò sọ fún mi pé o ní nǹkan níbẹ̀." Gbólóhùn yìí ló ń bí mi nínú jù lọ. Dókítà wo ló ń gbé ọ̀bẹ kó tó bi aláìsàn pé ibo ló ń dùn ún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí Windows bá kọ̀ tí kò wọlé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni fáìlì ṣì wà níbẹ̀ láìfarapa. Fláàṣì kan tí Linux wà lórí rẹ̀ lè jí ẹ̀rọ náà, tí ẹ ó fi kó ohun gbogbo sórí háàdì dísìkì mìíràn. Ẹ sì lè tú dísìkì náà, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tiyín. Bí dísìkì bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ má ṣe CHKDSK sí i, torí ìgbà tí ẹ ó ka ohun tó wà lórí rẹ̀ lè má ju ẹ̀ẹ̀kan sí i lọ. Ìdáàbòbò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, àtúnṣe tẹ̀ lé e.

Bí ọwọ́ bá ti yá ju bó ṣe yẹ lọ ńkọ́? Fọ́máàtì kíákíá lórí háàdì dísìkì àtijọ́ máa ń pa àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà rẹ́ ni, kò tíì pa fáìlì fúnra rẹ̀. Windows tuntun tí ẹ kó lé e lórí ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi ètò PhotoRec wá fáìlì náà. Ṣùgbọ́n SSD tó wà nínú láptọ́ọ̀pù òde òní yàtọ̀: bí ẹ bá ti fọ́máàtì rẹ̀, ohun tí ẹ lè rí kó padà kéré púpọ̀.

Ohun tó fà á tí Windows fi kọ̀ tí kò wọlé náà ṣe pàtàkì. Bóyá iná lọ nígbà tí Windows ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́, bóyá jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iná sókè sódò. Bí ẹ kò bá wádìí, ẹ̀rọ náà yóò padà wá sí ìsọ̀ yín, ẹ ó sì tún fọ́máàtì rẹ̀.

Àwọn tó tóbi jù wá lọ náà ti rí ìyà àìwádìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde, àwọn èèyàn sì ń bú àwọn ọmọ pé wọn kò kàwé. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan ni wọn kò gbé sórí àwọn sáfà tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, àti akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, bọ́ síta, ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe fún àwọn ọmọ náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà yẹn. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n yẹ iṣẹ́ wò kí èsì tó jáde, àwọn ọmọ yẹn ì bá má jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀.

Kí a má sì rò pé ẹ̀dà fáìlì tí a kò yẹ̀ wò rí lè gbani. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan fọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì ilé-iṣẹ́ rẹ́ nígbà tó ń tún sáfà ṣe lóru. Oríṣìíríṣìí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe ẹ̀dà ló já wọn kulẹ̀. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ti ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Bí ẹ bá ti kó fáìlì oníbàárà sórí fláàṣì, ẹ ṣí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lójú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò wúwo. Ẹ ní ìwé kékeré kan ní ìsọ̀. Kí ẹ kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ sọnù, ibòmíràn tí ẹ̀dà rẹ̀ wà, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ kú. Kò gbọdọ̀ sí fọ́máàtì kankan láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i. Bí kíkó fáìlì bá ń gba àkókò yín, ẹ gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ ṣáájú. Ìsọ̀ tó bá fẹ́ kí n bá òun tẹ ìwé náà, màá tẹ̀ ẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ ọlọ́dún ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láptọ́ọ̀pù wá lásìkò iṣẹ́ àṣekágbá.