Òkò Tí A Sọ Láti Ojú Fèrèsé Ọkọ̀

  Àkókò ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní ìlú ńlá yóò di ẹrù wọn, tí wọn yóò padà sílé láti wá bá àwọn òbí ṣe ọdún, láti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti gbéyàwó tàbí láti sin òkú àgbà. Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, kì í ṣe ilé ni mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí bí kò ṣe ọ̀nà tí à ń gbà dé ilé, àti ohun tí à ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀bá rẹ̀.

Ní ọdún Iléyá kan, èyí tí a tún ń pè ní Tabaski, mo wọ tasí ní Kutọnú, mo ń lọ sí Sábẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ náà kún. Kí á tó dé Bohicon, oòrùn ti mú, òùngbẹ sì ti ń gbẹ gbogbo wa. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dẹsẹ̀ dúró ni àwọn ọmọdé ti ń sáré wá pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. A rà á, a fi eyín ya ẹnu rẹ̀, a mu ún, a sì ju ọ̀rá náà síta láti ojú fèrèsé. Èmi náà ju tèmi. N kò tilẹ̀ ronú sí i. Nígbà tí a dé ẹnu ìlú, níbi tí èrò ti máa ń bọ́ sílẹ̀, mo mu ti ìkẹyìn, mo sì sọ ọ̀rá rẹ̀ sínú koríko.

Ilé àbúrò bàbá mi kò jìnnà sí ibẹ̀. Bàbá yìí ti ń sin àgbò kan láti nǹkan bí ọdún méjì, nítorí ọdún náà. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dùn rárá. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àgbò náà kò ti jẹun dáadáa mọ́, tí ikùn rẹ̀ ń wú bí ìlù, àti pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ó kú. Ẹran tí ó bá kú fúnra rẹ̀ kò ṣe é fi rúbọ, kò sì ṣe é jẹ. Wọ́n pe alápatà kí ó la ikùn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó pa á. Ohun tí alápatà fà jáde jẹ́ ìṣù ọ̀rá kan tí ó tó orí ọmọdé, tí ó ti lọ́ mọ́ra bí okùn. A ṣì ń rí lẹ́tà búlúù tí wọ́n fi kọ̀wé sí ara ọ̀rá omi láàárín wọn.

Bàbá kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, àwọn èrò ọkọ̀ ni wọ́n pa á. Wọn kò mọ̀ mí, èmi náà kò sì mọ̀ wọ́n."

N kò lè dáhùn. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà dáadáa. Lóòótọ́, ọ̀rá tí mo sọ ní ọjọ́ yẹn kọ́ ni ó pa àgbò náà, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, ọdọọdún ni mo sì ti ń sọ ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni òwe àwọn àgbà tó yé mi, pé ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa pé, níbo ni àṣà yìí ti wá? Àwọn baba ńlá wa náà máa ń rin ìrìn àjò. Àwọn ìyá wa oníṣòwò ń ru igbá lọ sí ọjà tí ó jìnnà, wọ́n sì ń sùn lọ́nà. Kèǹgbè ni wọ́n fi ń gbé omi. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn a ju ewé náà sílẹ̀. Ewúrẹ́ a jẹ ẹ́, tàbí kí ó jẹrà, kí ó di ilẹ̀. Wọn kò ṣe ohun tí kò dára. Àwa ni a pààrọ̀ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa, tí a kò sì pààrọ̀ ìṣe ọwọ́ náà. Ọwọ́ wa ṣì ń ṣe bí ọwọ́ ẹni tí ó ń ju ewé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni ó wà níbẹ̀, ọ̀rá kì í sì í di ilẹ̀.

Òfin kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin tí ó ka ṣíṣe, kíkó wọlé, títà àti lílo àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ tasí pẹ̀lú wa. Àwa fúnra wa ni a ó ṣe é.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ rọ omi sínú ìgò tí ó ṣe é lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ di oúnjẹ yín sínú abọ́ tí ó ní ìdérí, tàbí sínú ewé bí ti àtijọ́. Ẹ mú àpò aṣọ kan lọ́wọ́ fún pàǹtí. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra omi inú ọ̀rá, ẹ ká ọ̀rá rẹ̀ sínú àpò náà títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ọ̀rá tí omi ti tán nínú rẹ̀ kò wúwo ju ìyẹ́ adìyẹ lọ. Ẹni tí ó lè gbé e nígbà tí ó kún kò lè sọ pé òun kò lè gbé e nígbà tí ó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ó kàn. Láti Kutọnú dé Sábẹ̀ẹ́ tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan bá ń jẹ lítà 8 epo bẹntiróò ní 100 kìlómítà, yóò jẹ lítà 20 kí ó tó débẹ̀. Lítà epo bẹntiróò kan tí ó bá jóná máa ń di nǹkan bí kílò 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ònì, èyí tí ó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Lítà 20 náà di kílò 46. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà nínú ọkọ̀, òun nìkan ni ó ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ó di kílò 11 àti ààbọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ èrò tí ó gbé ènìyàn 15 bá jẹ lítà 30 ní ọ̀nà kan náà, kò pé kílò 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, a máa ń rí ọmọ ìyá mẹ́rin tí wọ́n ń lọ sí ibi ìsìnkú kan náà, ní ọjọ́ kan náà, tí ọkọ̀ mẹ́rin sì ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹ pe ara yín lórí fóònù kí ọjọ́ tó pé. Ẹ kó ara yín jọ. Àmọ́, n kò sọ pé kí ènìyàn mẹ́sàn-án há sínú tasí ẹlẹ́ni márùn-ún. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú ayé, ewu ni.

Ẹni tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó yẹ táyà wò kí ó tó gbéra, nítorí táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó máa ń mú kí ọkọ̀ jẹ epo jù. Kí ó pa ẹ̀rọ ọkọ̀ bí ó bá dúró pẹ́. Kí ó má sì ṣe kó bídọ́ọ̀nù epo kpayo sẹ́yìn ọkọ̀ nítorí pé ó pọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, àwọn tí ó kú sì lé ní ọgbọ̀n.

Bí a bá dé ìlú, kì í ṣe gbogbo ibi ni a ní láti gun zẹ́mìjàn lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí á fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni a ó tún rí àwọn ará ilé kí. Ní Kutọnú àti ní Lomé, alùpùpù tí ń lo bátìrì ti wà láàárín àwọn tí ń jẹ epo. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tí ó kún rọ́pò rẹ̀. Iná mànàmáná náà ní èéfín tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n èéfín náà kì í wọ imú ọmọ tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ má ṣe ra ẹran akíka tí wọ́n ń nà sí yín lójú ọ̀nà. Láti ọdún 2017 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti ka òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, nítorí pé ó ń tán lọ nínú igbó. Owó èrò ọkọ̀ wà lára ohun tí ń rán ọdẹ lọ sí oko. Bákan náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe ju ìdí sìgá sínú koríko. Iná kékeré bẹ́ẹ̀ lè jó oko ẹni tí kò mọ̀ yín rí.

Ohun kan kù tí ó ju agbára ẹnì kan lọ. Ojú irin tí ó ti Kutọnú lọ sí Parakou, tí ó gùn ní 438 kìlómítà, gba Sábẹ̀ẹ́ kọjá. Àwọn òbí wa wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo sì ń kó èrò tí ogúnlọ́gọ̀ tasí kò lè kó. Ó ti pẹ́ tí kò ti kó èrò mọ́. Olúkúlùkù lè gbé ìgò omi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àwọn tí ń wá ìbò bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo tún wọ tasí lọ sí Sábẹ̀ẹ́. Mo bẹ awakọ̀ kí ó jẹ́ kí n so àpò kan kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rá tirẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ kankan. Kí á tó dé Ìdáàṣà, àwọn tí ó rẹ́rìn-ín náà ti ń na ọ̀rá tiwọn sí mi láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé ilé, bàbá ń fún àgbò tuntun kan ní koríko. Wọ́n bèèrè ohun tí ó wà nínú àpò mi, mo sì ṣí i hàn wọ́n. Wọ́n ka ọ̀rá náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mọ́kànlélógún. Wọ́n di ẹnu àpò náà padà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ó dára. Lọ wẹ ọwọ́ rẹ, kí o wá jẹun."