Aṣọ Róòmù, Ojú Charles

Bí àwa olùkọ́ bá ń yin ère, a máa ń sọ pé ó kù díẹ̀ kí ó fọhùn. A ó wá fi kún un pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni àwọn tí ń fi òkúta gbẹ́ ère ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹtàlá ti kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ojú ènìyàn bí ó ti rí gan-an. Ní èrò tèmi, ìdajì òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé Capua, níbi tí Olú-ọba Frederick Kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnubodè ńlá kan lẹ́bàá afárá ní ọdún 1234. Wọ́n wó o ní 1557, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn ère rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà. Ọ̀kan jẹ́ orí ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Pier della Vigna, adájọ́ olú-ọba. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ẹran ara gidi. Síbẹ̀, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ó fi hàn pé Pier ni. Ojú amòye Róòmù ni. Ó jọ ènìyàn. Kò jọ ẹnìkan.

Nicola Pisano náà yá nǹkan lò ní Pisa ní 1260: Maria orí pẹpẹ ìwàásù rẹ̀ jókòó bí Phaedra tí ó wà lára pósí òkúta àtijọ́ kan nínú ìlú náà. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ bí ojú Maria ṣe rí.

Ère Charles ti Anjou, tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Capitoline ní Róòmù, yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1277 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, nígbà tí ọba náà ṣì wà láàyè. Arnolfo di Cambio, ọmọ iṣẹ́ Nicola, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó gbẹ́ ẹ. Aṣọ ọrùn rẹ̀ jọ ti àwọn aṣòfin Róòmù. Orí kìnnìún wà lára ìtẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú náà! Imú rẹ̀ tóbi, ètè rẹ̀ dì pinpin, ó lejú koko. Ojú ẹni tí n kò ní fẹ́ jẹ ní gbèsè ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ìlejú náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì agbára lásán. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi agbára nìkan hàn kò nílò irú imú yẹn. Aṣọ àti ìjókòó ni Arnolfo gbà lọ́wọ́ Róòmù. Nígbà tí ó kan ojú, ó pa àwòkọ́ṣe tì, ó sì wo ọba.