Oògùn Mẹ́ta Nínú Hóró Kan

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ọ̀nà kan náà ni ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbà bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ aláìsàn lápá, á fẹ́ ẹ títí apá á fi le, nọ́ńbà á sì jáde: 170 lórí 100. Dókítà á kọ oògùn ẹyọ kan, á ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Bí nọ́ńbà bá ṣì ga nígbà yẹn, wọ́n á fi kún ìwọ̀n oògùn náà; ó lè di ìgbà kẹta kí wọ́n tó fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Ètò yìí mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó bá lè máa padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ìyá aláta tó ní láti pa àtẹ rẹ̀ tì, kó wọ ọkọ̀ méjì, kó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀ nítorí ohun tí kò dùn ún, ó lè wá lẹ́ẹ̀kan, ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni kò ní wá, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ìtọ́jú gidi ìbá bẹ̀rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru á máa ba kíndìnrín, ọkàn àti ọpọlọ jẹ́ láìpariwo. Èrò tèmi ni pé ó tó àkókò ká fi ètò ẹyọ-ẹyọ yìí sílẹ̀, kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn méjì tàbí mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn kéré, tí wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù lọ wá láti Àbújá. Ní 2024, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde tí Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ṣáájú rẹ̀. Ènìyàn 300 ló kópa, adúláwọ̀ ni gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn ga, wọn ò sì lo oògùn rárá tàbí kó jẹ́ ẹyọ kan péré ni wọ́n ń lò. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn sọ́nà méjì. Apá kan lo hóró tí telmisartan, amlodipine àti indapamide wà nínú rẹ̀. Apá kejì gba ìtọ́jú bí ìlànà Nàìjíríà ṣe là á sílẹ̀, tó fi amlodipine nìkan bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè tí wọ́n wọ̀n nílé ti fi 31 wálẹ̀ lára àwọn tó lo hóró alápapọ̀, ó sì fi 26 wálẹ̀ lára àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nílé ìwòsàn, 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti bọ́ sábẹ́ 140 lórí 90 ní apá kìíní; 72 ni ní apá kejì. Ẹlòmíràn lè ní ìyàtọ̀ yìí ò tó nǹkan. Ó tó. Ní 2021, àwọn olùṣèwádìí kó àbájáde ìwádìí 48 jọ, èyí tó kan ènìyàn tó lé ní 340,000, wọ́n sì rí i pé bí nọ́ńbà òkè bá fi 5 péré wálẹ̀, ewu àìsàn ọkàn ńlá àti rọpárọsẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín kù. Ohun tó tún yẹ ká rò ni pé àwọn tó wà ní apá kejì yẹn rí olùtọ́jú tó ń ṣọ́ wọn déédéé, tó ń fi kún oògùn wọn lásìkò. Aláìsàn wo ló ń rí irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí èrò ti kún dé ẹnu ọ̀nà?

Ìdí tí ìwọ̀n kékeré mẹ́ta fi lè borí ìwọ̀n ńlá kan wà nínú ara fúnra rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ lè máa há, ara lè máa ránṣẹ́ sí i pé kó túbọ̀ há, iyọ̀ àti omi sì lè pọ̀ jù. Amlodipine ń dẹ iṣan, telmisartan ń dá ìránṣẹ́ yẹn dúró lọ́nà, indapamide ń fi ìtọ̀ lé iyọ̀ jáde. Ẹni tó bá dí ojú ihò kan ṣoṣo, eku á gba òmíràn jáde. Ìwádìí 42 tí àwọn kan ṣà jọ ní 2009 fi hàn pé fífi oògùn irú mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ohun tí sísọ oògùn kan náà di méjì ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni gígé ìwọ̀n oògùn sí ìdajì kì í gbà ju bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ á dín kù púpọ̀. Ẹni tí amlodipine ìwọ̀n 10 ti mú ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí bàtà àárọ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́ nírọ̀lẹ́, kò nílò àlàyé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jáwọ́ nínú oògùn láìsọ fún dókítà.

Àwọn kan á ní oògùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà á ba kíndìnrín jẹ́. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti wá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò kápá gan-an wà lára olórí ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Èyí kò ní kí wọ́n má yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí telmisartan àti indapamide lè da èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rú. Aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan telmisartan rárá, ó lè pa ọmọ inú lára, àgbàlagbà tí òòyì ń kọ́ sì nílò kí wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀. Àtakò tó wúwo ju èyí lọ wà lẹ́nu àwọn dókítà: bí oògùn mẹ́ta bá ti so pọ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yí ìwọ̀n padà? Hóró tí wọ́n lò ní Àbújá wà ní ìwọ̀n mẹ́ta, láti kékeré dé ńlá, torí náà àyè ìyípadà wà. Òótọ́ sì ni pé ilé-ìwádìí George Institute ti Ọsirélíà, tó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà, ló bí ilé iṣẹ́ tó ni hóró ọ̀hún. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí 2009 yẹn ti wà ṣáájú hóró náà, oríṣiríṣi oògùn tó sì ti wà lọ́jà tipẹ́ ni wọ́n gbé e kà.

Owó ló kù, òun ló sì ń dùn mí jù. Ní oṣù kẹfà 2025, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró yìí. Ara àwọn ará Àbújá wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò; kò bójú mu kó jẹ́ pé ẹni tó wà ní New York ni yóò kọ́kọ́ máa lò ó. Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi àwọn hóró alápapọ̀ oníméjì sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí. Ó yẹ kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa sanwó wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí aláìsàn gba ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kó má fi ọjọ́ ọjà ṣòfò nítorí ìdì oògùn kan. Kí ìyẹn tó dé, dókítà tó ń kọ amlodipine fún ẹni tó wọ̀n 170 lórí 100 lè kọ telmisartan mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, bí kò bá sí ohun tó kà á léèwọ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ti wà lórí àtẹ kẹ́mísìtì.