Wọ́n Jagun Tán, Wọn Kò Rílé Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí wọ́n bá wá gba ilé náà mọ́ onílé lọ́wọ́ ńkọ́?

Ní 1939, Jámánì àti Rọ́ṣíà pín ilẹ̀ Pólándì mọ́wọ́. Rọ́ṣíà kó ọ̀kẹ́ àìmọye ará ibẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Nígbà tí Jámánì dojú ìjà kọ Rọ́ṣíà ní 1941, wọ́n tú púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀, Ọ̀gágun Anders sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Wọ́n gba Páṣíà títí dé Ítálì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1944, àwọn ni wọ́n ta àsíá sórí òkè Monte Cassino. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 900.

Ní 1945, ní ìlú Yalta, Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fohùn ṣọ̀kan pé kí ìlà-oòrùn Pólándì di ti Rọ́ṣíà. Ibẹ̀ gan-an ni ilé púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun yìí. Kò sí ọmọ Pólándì kan níbi ìjókòó náà. Lọ́ńdọ̀nù ni Anders kú sí ní 1970.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyí: ẹni tó bá ni jìyà ogun, ó yẹ kó bá ni jókòó níbi ìpín.