Yúnyún ní Ẹ̀yìnkùlé

Ní ọjọ́ kan tí a lọ bẹ àwọn ìjọ kéékèèké wò ní àwọn abúlé ìhà Àkànràn, àdá ṣá ọmọdékùnrin kan ní ojúgun níbi tí ó gbé ń ro oko. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Bàbá rẹ̀ kígbe pé, “Ẹ já yúnyún wá!” Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sáré dé etí ọ̀nà, ó sì gbé odindi ìdì ewé kan dé, tòun ti òdòdó pupa rúsúrúsú lórí. Kì í ṣe yúnyún: jogbo ni. Aṣọ tí ó mọ́ ni a fi di ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá náà kò kúrò lọ́kàn wa, pé ní ìgbà èwe òun, ènìyàn kì í rìn ju ogún ẹsẹ̀ lọ níbẹ̀ kí ó tó kan yúnyún.

Ní ojú tiwa, ohun méjì ni ó lé e lọ. Èkínní ni oògùn apakoríko tí a ń fín káàkiri oko báyìí láti Mọ́níyà títí dé Ìyànà Ọ̀fà, tí kì í mọ ewé rere yàtọ̀ sí èpò. Èkejì ni jogbo náà, àlejò tí ó ti ìhà Mẹ́síkò wá, tí ó sì ti gba etí ọ̀nà lọ́wọ́ onílé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Jogbo a máa ga ju ènìyàn lọ. Òdòdó rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ewé rẹ̀ pín sí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí márùn-ún bí ìka ọwọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń so lára igi. Ewé yúnyún kò pín. Méjì méjì ni ó ń kojú ara wọn lórí oríkèé, iṣan mẹ́ta ni ó hàn gbangba láti ìdí ewé, bí a bá sì fọwọ́ pa á, ó ń ha ni lọ́wọ́. Òdòdó rẹ̀ kéré.

Àwọn baba wa kò ṣì í pè. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà tí ó wà ní Nsukka tẹ ìwádìí wọn jáde: nínú eku, omi ewé yìí mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, kí ọgbẹ́ sì tètè jiná. Síbẹ̀, kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ tí a ń gbà nítorí tetanus, àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ha. Ẹni tí àdá bá ṣá jinlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ. Ewé tí a já lẹ́bàá oko tí a fín, ẹ má ṣe fi kan ojú ọgbẹ́ rárá.

Àwọn òyìnbó ní ewéko kan tí ó jẹ́ ẹbí yúnyún, tí òdòdó rẹ̀ rí bí bọ́tìnì pupa rúsúrúsú. Tansy ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń mu ún nígbà kan rí láti lé aràn jáde, kí wọ́n tó mọ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, àti pé ó léwu fún aboyún. Ó yẹ kí tiwọn kọ́ wa lọ́gbọ́n, nítorí a ti rí i nínú eku pé omi ewé yúnyún ń da ètò ìbímọ rú. Kí aboyún má ṣe mu ún, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó sọ pé kí ó mu ún.

Ní ti gbígbìn rẹ̀, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé irúgbìn, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù. Ọ̀pá ni kí ẹ gé, kí òjò sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Ìgbà ara là á búra. Kí ó jẹ́ ọ̀pá tí ó gbó díẹ̀, kì í ṣe ọ̀mùnú, tí ó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ri oríkèé méjì bọ ilẹ̀ tí a ti tú, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i kí oòrùn lè rí i, nítorí ọmọ oòrùn ni. Ẹsẹ̀ bàtà méjì láàrin ọ̀kan sí èkejì tó. A rí àwọn kan tí ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i bí ẹni ń tọ́jú ẹ̀fọ́. Kò béèrè rẹ̀.

Ọgbà ni ó béèrè. Ewúrẹ́ àti àgùntàn kò ní fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí igi rẹ̀ ń gbẹ, ẹ gé e kù ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìdí rẹ̀ kò kú, yóò sì rú ní àkọ́rọ̀ òjò. Ewé tí ó bá pọ̀ jù, ẹ fún ehoro tí àwọn ọmọ ń sìn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.